Àìsàn Àbúrò Rẹ Kì Í Ṣe Irọ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó rẹ. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín lálàáfíà, kí ara yín dá ṣáṣá. Ara tèmi le. Ọkàn ni kò le.

O ti gbọ́ lórí fóònù pé àbúrò rẹ ti fi wá sílẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni ẹnu mi kò lè sọ, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O rántí inú rírun rẹ̀. Á ká kò sórí ibùsùn, ṣùgbọ́n ká tó dé ilé ìwòsàn, ìrora náà á ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Èmi wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Àìsàn tìrẹ yìí lójú o. Bó bá ti rí ìgbálẹ̀ ló ń dé." Á rẹ́rìn-ín. Mo ṣebí ẹ̀rín náà ti inú wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó ní òun ò lè dìde. Mo ní kó yéé ṣọ̀lẹ, kó máa lọ síbi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá rẹ̀ ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìdí pákó tí mo ń rẹ́ ni wọ́n ti wá pè mí.

Mo bá a lọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú. Ó fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa á níkùn, ó ń ti ọwọ́ ẹ̀rọ náà kiri, ó ń wo àwòrán dúdú àti funfun. Nígbà tó dé abẹ́ ìhà òsì, ó dúró. Ó tún un wò. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ọlọ inú rẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ò sí níbí." Nísàlẹ̀ ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìtọ̀, ló ti wá rí i, ó ti wú rọ̀bọ̀tọ̀. Ó ní àtọmọdé ni ohun tó yẹ kó dì í mú sí àyè rẹ̀ kò ti lágbára. Bó bá yí po, á máa dùn ún. Bó bá tú, ara á tù ú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti lọ́ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, kò tú mọ́. Ọdún mẹ́rìnlá tóun ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀kejì rèé tóun máa rí irú ẹ̀.

Àbúrò rẹ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ gbọ́ o. Wọ́n ti rí i." Nínú ìrora yẹn, ọmọ mi, inú rẹ̀ dùn.

Wọ́n yọ ọlọ inú náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n oró ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló dákẹ́. Dókítà ní ká ní a tètè yàwòrán rẹ̀ ni, wọn ì bá rán an mọ́ àyè rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ. Kí èyí tí ẹ ń retí bá yín láyọ̀. Bọ́mọ náà bá sì sọ fún ọ pé nǹkan ń dun òun, jọ̀wọ́, gbà á gbọ́.

Èmi ni bàbá tó bí ẹ̀yin méjèèjì.

Àfikún: Ìyá rẹ ti jáde kí n tó lé àbúrò rẹ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dúró ti ọmọ náà dópin. Lọ́la, bá a bá jẹun àárọ̀ tán, màá sọ fún un.