Ike Omi tí Mo Fọ̀ fún Rowena

                                        14, Òpópónà Tannery,
                                        Calderfold,
                                        Lancashire.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Noreen, ọ̀rẹ́ mi tó ju ọmọ ìyá lọ,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú afẹ́fẹ́ etí òkun. Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà ọ́ láyè láti gun àtẹ̀gùn? Clifford ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé kò tí ì jáwọ́ nínú bíbá àwọn ẹyẹ òkun jà lórí ẹja díndín rẹ̀? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ara tiwa le níhìn-ín, àfi òjò tí kò mọ ìgbà tí àlejò ń lọ sílé.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó di ìròyìn ìtìjú fún èmi tí mò ń kọ ọ́.

O rántí Rowena Askwith, aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa. Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń ṣọ́lé fún àwọn ọmọkùnrin nínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, tí o sì wí pé ọmọ yìí kò bẹ̀rù ilẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa kò ní owó tí yóò san fún obìnrin, ó ń pín lẹ́tà kiri àdúgbò láàárọ̀, ó ń fò mọ́ bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wá di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlẹ̀kùn irin ni, àpáta tí òjò Lancashire kò lè ṣí nídìí. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí lóṣù kẹfà. Philippa, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ń fẹ́ aṣọ́lé ọmọ ogún ọdún. Bí Rowena bá mú wa dé àṣekágbá ìdíje ife-ẹ̀yẹ, òun yóò gba ọdún kan sí i fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a bọ ara wa lọ́wọ́, kí a dágbére. Saltby ni a sì bá pàdé ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá lọ́jọ́ Àìkú.

O mọ̀ pé àwọn aṣọ́lé òde òní máa ń kọ orúkọ àwọn tí yóò gbá pẹnárítì, àti ìhà tí oníkálukú fẹ́ràn, sórí ìwé pélébé, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike omi wọn. Rowena fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wo fídíò àwọn Saltby kó tó kọ tirẹ̀. Èmi tí aṣọ àti ike wà níkàáwọ́ mi dé láàárọ̀ ọjọ́ eré, láìwọ awò ojú mi, mo ṣe bí ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Mo fi omi gbígbóná bó o kúrò, mo fi ọṣẹ fọ ike náà títí ó fi ń dán bíi dígí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọ̀mì ni eré náà parí sí, góòlù kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku pẹnárítì. Rowena gba ike lọ́wọ́ mi, ó yí i, ó tún un yí.

“Màmá Glenys, ìwé ara ẹ̀ dà?”

“Mo ti fọ̀ ọ́, ọmọ mi.”

Mo rò pé yóò sunkún ni. Ẹ̀rín ló bú sí. “Ẹ ò bá kúkú ju èmi náà sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, kó parí síbẹ̀! Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ ṣáà máa rẹ́rìn-ín.”

Bó ti ń lọ sẹ́nu ilé, àwọn ará Saltby ń pariwo lẹ́yìn àwọ̀n: “Màmá àgbà, lọ gbowó ìfẹ̀yìntì ẹ!” Ó ní, “Mo ti débẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá gba bọ́ọ̀lù tiyín ná!” Àwọn fúnra wọn rẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó gbá èyíkéyìí, yóò gbé ike náà, yóò yí ojú rẹ̀ sí àyà, yóò máa fi ìka tọ ibi tí kò sí nǹkan kan, yóò sì máa mi orí bí adájọ́ tó ń ka ìwé ẹjọ́. Mẹ́rin wọlé lára tiwọn, tiwa márààrún wọlé. Ó wá ku Imogen Stroud, balógun wọn, tí kò tí ì pàdánù pẹnárítì kankan ní sáà yìí. Rowena kàwé fún un pẹ́ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, ó wá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ọmọbìnrin náà tún bọ́ọ̀lù gbé sílẹ̀. Rowena sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé Imogen ti pa ọkàn dà, òun sì tẹ ojú mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fò sápá òsì. Orí ìka ló fi tì í lu òpó, bọ́ọ̀lù sì bá tìta lọ. Noreen, mo kígbe títí ohùn fi há mi.

Imogen wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun rí ohun tó kọ nípa òun. Rowena na ike náà sí i. Ọmọbìnrin náà yí i títí.

“Kò sí nǹkan kan níbí!”

“Màmá tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni kó o lọ bá jà.”

Lánàá ni Rowena fọwọ́ sí ìwé ọdún kan sí i. Ó yà sọ́dọ̀ mi, a jẹ páì, a mu tíì, ó sì fi ike náà ta mí lọ́rẹ. Ó ti lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn, ó kọ ọ́ gàdàgbà kí n lè rí i láìwọ awò: “Glenys Ormerod: ìhà ọṣẹ ló máa ń gbà lọ, kì í yẹ̀.”

Bá mi kí Clifford àti gbogbo ilé. Oṣù tó ń bọ̀ ni àṣekágbá. Mo ti gba ìjókòó méjì sílẹ̀ fún yín lẹ́yìn òpó ilé Rowena.

Èmi ni tìrẹ, tí ọṣẹ kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀,

Glenys