Èémí Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀mí

Ìlógbò-Èkìtì,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Òkúdu, ọdún 2006.

Ilésanmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ẹni tó ń jẹun nínú ìkòkò yín. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Apápá? Àwa náà wà níbí, à ń dúpẹ́. Orúnkún tó ń dùn mí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀, òjò tó pẹ́ kó tó dé náà ti wá rọ̀, a sì ti gbin àgbàdo. Má jẹ́ kí àyà rẹ já bí o ti rí ìwé yìí. Ayọ̀ ló gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́. Mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà níwèé lọ́sàn-án ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fa ìlà pupa sí gbogbo ibi tí mo ti kọ "ulé" àti "uṣẹ́". Ó ní ti ẹnu Èkìtì nìyẹn, kì í ṣe ti inú ìwé. Mo tún tèmi kọ. Ṣùgbọ́n ibi tí Bàbá Olúrẹ̀mí bá ti sọ̀rọ̀, mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí n kò lè tún ẹnu ẹlẹ́nu ṣe.

Ọ̀rọ̀ Bùkọ́lá ọmọ rẹ ni mo bá wá. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún un kó tó wá sọ́dọ̀ mi nínú oṣù Èrèlé: pé o kò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó lè máa tọ màlúù lẹ́yìn, àti pé bí kò bá parí iṣẹ́ náà lọ́dún yìí, kó pa á tì, kó lọ gba iṣẹ́ tí o bá a wá sí báńkì. N kò bá ọ jà. Bàbá tó bá fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sábẹ́ fáànù kò ṣẹ ẹnì kan. Àmọ́ o kò sí níbí, o kò rí ohun tí mo rí.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ọ bó ṣe yé mi. O mọ̀ pé màlúù a máa jẹ àpọ̀jẹ, Bíbélì pàápàá sọ ọ́. Bí koríko ti ń kan nínú ikùn rẹ̀ bí ògì, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan ń kó jọ síbẹ̀, tí màlúù á sì máa gùnfẹ̀ rẹ̀ síta. Afẹ́fẹ́ yìí a gòkè lọ, a bo ayé bí aṣọ òtútù, ooru kò sì ní rí ọ̀nà jáde dáadáa. Wọ́n ní ó wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wọn ti àwọn màlúù ńláńlá tó wà nílùú òyìnbó, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn màlúù kúkurú tí kò níké, tí àwọn àgbẹ̀ wa ń sìn ní méjì, ní mẹ́ta, ń gùnfẹ̀ jáde, kò tíì yé wọn tó. Òun ni Bùkọ́lá wá wọ̀n. Ó ní ìjánu kan tí rọ́bà tín-ín-rín wà lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Rọ́bà yìí á máa fa èémí màlúù díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò irin tó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó tún máa ń fi téèpù wọn àyà wọn, kó lè mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó. Nígbà tó yá, orúkọ tí wọ́n ń pè é káàkiri ìlú ni Télọ̀ Màlúù.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ni nǹkan fẹ́ bàjẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìsìn ni, Bàbá Olúrẹ̀mí tó jẹ́ olórí àwọn tó ń sin màlúù sì bá wa kó wọn jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bùkọ́lá kúnlẹ̀, ó kí wọn kíkí tó kún, orí mi wú. Ṣùgbọ́n Èkó ni o ti tọ́ ọmọ yìí, Ilésanmí, Yorùbá kò tíì gbó lẹ́nu rẹ̀. Dípò kó pe "èémí", ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, mo wá gba ẹ̀mí àwọn màlúù yín. Inú ìgò ni mo máa kó o sí. Tó bá ti kún, mo máa gbé e lọ sí Ìbàdàn."

Bàbá Olúrẹ̀mí ṣí fìlà, ó tún un dé. Ó ní, "Ọmọ, uṣẹ́ wo nìyí? Ṣé ẹ̀mí màlúù nìkan ni, àbí ìgò rẹ gba tèèyàn náà?" Ìyá Péjú ọ̀rẹ́ mi, tó ní màlúù kan ṣoṣo, gbé àpò Bíbélì rẹ̀, ó ní òun gbé ọbẹ̀ ka iná. Kí n tó dìde láti bá ọmọ mi tún ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ti tú ká. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ilé ni mo ti sọ ohun tó sọ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló wá sunkún. Àyálò ni àwọn ohun èlò náà, àwọn ẹlòmíràn ń dúró dè wọ́n ní yunifásítì, ó sì gbọ́dọ̀ dá wọn padà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rí màlúù wọ̀n, ó di àmọ́dún, bí àmọ́dún bá sì fi dé, inú báńkì rẹ ni yóò wà. A gba oko dé oko. Wọ́n kí wa, wọ́n fún wa lómi, wọ́n sun iṣu fún wa, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ màlúù nìkan la rí, a kò rí màlúù. Mo bi Bàbá Olúrẹ̀mí pé àwọn tirẹ̀ dà. Ó wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín rárá, ó ní wọ́n lọ kí ẹbí wọn ní Ìfàkì.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Bí mo bá ń fẹnu ṣàlàyé, wọn yóò ní mo ń gbèjà ọmọ mi ni. Bí ọjọ́ ọjà ṣe pé, mo ní kí Bùkọ́lá gbé ìjánu yẹn wá, kó fọ̀ ọ́ dáadáa, kó fi í sí mi lójú. Ó ní, "Màmá, ti màlúù ni o." Mo ní ṣé èmi kò nímú ni? Ó so ó mọ́ mi lágbọ̀n, ó gba orí gèlè mi, ó gbé ìgò kọ́ mi lọ́rùn, rọ́bà wà lẹ́nu imú mi, mo sì gba àárín ìlú lọ sọ́jà.

Ilésanmí, ó yẹ kí o wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà dúró wò mí. Ìyá Péjú tó ń ta ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní, "Ìyá Ilésanmí, ta ló rà ọ́? Jọ̀ọ́, má jẹ tẹ̀tẹ̀ tí mo tò sílẹ̀ yìí o." Mo ní tẹ̀tẹ̀ rẹ ti rọ jù, màlúù gidi kì í jẹ ẹ́. Mo ra iyọ̀, mo ra irú, mo ná ọjà bí mo ṣe máa ń ná an. Bàbá Olúrẹ̀mí jókòó sẹ́nu ìsọ̀ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí mo kọjá, ó dìde, ó ń tẹ̀ lé mi lókèèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí n ó ṣubú sí.

N kò ṣubú. Ọ̀sán pọ́n, mo gba ọjà lọ sí kíláàsì wa tòun ti ìjánu, mo tọrọ ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá. Mo kọ "èémí" sójú pátákó, mo kọ "ẹ̀mí" sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn kà á, wọ́n kà á. Mo ní, "Ọmọ mi gé lẹ́tà kan kúrò, ó fi àmì sábẹ́ èyí tó kù, ìyẹn lẹ fi kó màlúù sá fún un. Ti òkè yìí ló ń wọ inú ìgò láti àárọ̀. Ti ìsàlẹ̀ yìí ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀, kò sì dín." Ẹ̀rín sọ ní kíláàsì. Àfi bí a ṣe gbọ́ ohùn Bàbá Olúrẹ̀mí lójú fèrèsé, ó ní, "Èmi á fún ọmọ náà ní Ìyàwó."

A ń wo ara wa, kí a tó rántí pé Ìyàwó ni orúkọ màlúù rẹ̀, èyí tó fẹ́ràn jù, tí àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá kì í fọwọ́ kàn. Ó ní ṣùgbọ́n òun ní àdéhùn kan. Ó ní Bùkọ́lá ni yóò máa gé koríko Ìyàwó ní ìdájí títí yóò fi mọ̀ ọ́n, nítorí a kì í so okùn mọ́ ẹni tí a kò tíì kí. Ọmọ rẹ gbà. Ó mú àdá, ọwọ́ rẹ̀ léròrò, ó gé eèsún títí Ìyàwó fi ń ké bó bá gbóhùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àwọn màlúù tó lọ kí ẹbí fi dé láti Ìfàkì, gbogbo oko láti ìhà ibí títí dé ọ̀nà Ìdó sì ṣí sílẹ̀ fún Bùkọ́lá. Ó dá ohun èlò padà kí òjò tó rọ̀.

Ní oṣù tó kọjá ló wá ka èsì fún wa lábẹ́ igi máńgòrò yẹn kan náà. Ó ní àwọn màlúù tó ń rí ewé tútù jẹ mọ́ koríko gbígbẹ kò gùnfẹ̀ tó àwọn tó ń jẹ koríko gbígbẹ nìkan. Ó dárúkọ màlúù Ìyá Péjú pé òun ló ṣe ipò kìíní. Ìyá Péjú dìde, ó jó yí igi ká, ó ń na ìka sí Bàbá Olúrẹ̀mí. Wọ́n rọra sọ fún un pé nínú gígùnfẹ̀ ló ti ṣe kìíní. Ó ní kìíní ni kìíní. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i tó ń fi ewé àgúnmánìyẹ̀ tútù bọ́ màlúù.

Ohun tó kù nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù Agẹmọ, Bùkọ́lá yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, yóò ṣàlàyé iṣẹ́ náà, wọn yóò sì fi oyè lé e lórí. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún ọ. Ó ní, "Màmá, Dádì ò ní wá. Ojú ń tì wọ́n nítorí màlúù." Àwọn àgbẹ̀ ti háyà bọ́ọ̀sì. Bàbá Olúrẹ̀mí ń bọ̀, Ìyá Péjú ń bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá yóò ti kíláàsì. Àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí wọ́n sá fún un tẹ́lẹ̀, ni yóò kún yàrá náà. Ilésanmí, bí wọ́n bá ní kí bàbá ọmọ yìí dìde, má jẹ́ kó jẹ́ Bàbá Olúrẹ̀mí ni yóò dìde. Ó ti sọ fún mi pé òun yóò dìde bí àyè bá ṣófo, mo sì mọ̀ ọ́n, kò ní ṣàwàdà.

Olúwa tó ń bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin yóò máa bá ọ lé ohun tí ọwọ́ rẹ kò ká. Ìwọ àti ilé rẹ kò ní mọ ìtìjú. Ọmọ tí o bí yóò jù ọ́ lọ, ojú rẹ yóò sì rí i.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì fi ọ́ yangàn,

Florence Èyítáyọ̀.

Àfikún: Bùkọ́lá kò mọ̀ pé mo kọ̀wé sí ọ. Bó bá bi ọ́ ní Ìbàdàn pé ta ló sọ fún ọ, sọ pé ọkàn rẹ ló gbé ọ wá. N kò ní já ọ ní koro.