Ọjọ́ Tí Mo Bá Ọ̀gá Ọ̀nà Bẹ̀bẹ̀ Níwájú Àwọn Aṣòfin

Adúmáadán, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe yẹn ńkọ́, ṣé ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀? Ẹni tó fi ọ́ ta wá lọ́rẹ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ á gbà ọ́. Àwa náà wà, à ń mí, à ń jẹun, ìyá rẹ ń bínú sí mi láàárọ̀, ó ń dárí jì mí nírọ̀lẹ́, nítorí náà àlàáfíà ni.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, wá ibi kan jókòó sí. Èmi bàbá rẹ ni mo fọwọ́ sí ètò ìnáwó gbogbo ẹkùn wa yìí fún ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà o, omi o, ilé ìwé o, ilé ìwòsàn o, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ mi kọjá. Sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ. Ó dáa, má tíì sọ fún wọn. Mo fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìwé àlejò tó wà lẹ́nu géètì Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni mo fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ sí i dáadáa, débi pé gáàdì bẹ̀ mí kí n fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ nìyí. O mọ̀ pé òjò ti gbé afárá wa lọ, èyí tí à ń gbà dé ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, bí ìyá rẹ bá fẹ́ lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, bíríkìlà àdúgbò wa ló ń pọ̀n ọ́n sọdá odò. Mo sọ fún bíríkìlà pé kó rọra, ẹrù iyebíye ni. Ó ní ẹrù náà wúwo ju bí mo ṣe júwe rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ò bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mò ń fi rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nígbà tí odò kún àkúnya, bíríkìlà pàápàá ò lè wọ̀ ọ́, oògùn tán nílé, ojú ìyá rẹ wú, orí ń fọ́ ọ. A ò sọ fún ọ nígbà náà kí o má bàa fiṣẹ́ sílẹ̀ máa sáré bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà ló wá sọ fún wa pé àwọn aṣòfin máa pe ọ̀gá ẹ̀ka ìjọba kọ̀ọ̀kan kó wá ṣàlàyé owó tó fẹ́ ná lọ́dún tó ń bọ̀, pé wọ́n á sì gba ará ìlú láyè kó sọ tẹnu rẹ̀ ní ìparí. Gbogbo àdúgbò ní èmi ni kí n lọ, nítorí ẹnu mi. Mo to ọ̀rọ̀ afárá náà, mo kọ́ ọ sórí, mò ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ nídìí ààrò, mò ń sọ ọ́ fún un lórí ibùsùn, títí ó fi ní bí òun bá tún gbọ́ “afárá” lẹ́nu mi, òun á kó lọ sílé télọ̀ àdúgbò wa. Mo ní kó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá tó bá ń bọ̀.

Owó ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ ló gbé èmi àti ìyá rẹ lọ. O ṣeun, ọmọ mi. O ò ní ṣàìrí ẹni tó máa ṣe fún ọ. Bàtà tí o rà ni mo wọ̀. Ó fún mi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń kí bàtà kí wọ́n tó kí mi.

Lẹ́nu géètì, wọ́n so káàdì kan mọ́ mi lọ́rùn bí ewúrẹ́ tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà. Gáàdì ní kí n pa ohùn fóònù mi. Mo gbé e sún mọ́ ẹnu, mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó má dójú tì mí, mo wá fi fìlà mi wé e. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi jáde. Fóònù yẹn gbọ́ràn ju ìwọ lọ nígbà tí o wà ní kékeré.

Inú gbọ̀ngàn náà tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí. Mo ní bóyá nítorí owó ni, kó má bàa rà. Àmọ́ mo wá owó náà tì. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń pe owó, owó ńlá tó lè fọ́ èèyàn lẹ́nu, mi ò rí ẹyọ kan lórí tábìlì, àfi ìwé àti omi inú ike.

Bó ṣe yé mi nìyí. Ìjọba dà bí ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọ̀nà, ọ̀kan ń jẹ́ Omi, ọ̀kan ń jẹ́ Ilé Ìwé. Lọ́dọọdún, kálukú á wá sọ ohun tó fẹ́ sè àti iye tó máa ná òun. Àwọn aṣòfin ni ẹbí ọkọ. Wọ́n jókòó sókè, wọ́n ń béèrè pé, èyí tí a fún ọ léṣìí ńkọ́? Kí lo sè? Ta ló jẹ ẹ́? Iná pupa kékeré kan sì wà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà níwájú wọn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé iná irọ́ ni, pé bí èèyàn bá ti ń purọ́ ló máa ń tàn. Ó tàn fún gbogbo wọn. Ìyá rẹ ní kí n panu mọ́, pé ká ní ó wà nílé wa ni, kò ní kú láé.

Ó wá kan ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀nà àti afárá. Ọ̀gá Ọ̀nà ni mò ń pè é. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí rẹ̀ ti ń pá, kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Obìnrin kan ni alága, gíláàsì rẹ̀ wà nímú. Ó ní, ẹ gbowó léṣìí pé ẹ ó tún afárá ṣe, èwo lẹ tún ṣe? Kí ló dé tó jẹ́ ọkọ̀ tuntun fún ọ́fíìsì yín lẹ tún ń béèrè? Ẹnì kan ní ojú kì í ti irú àwọn èèyàn yìí. Òmíràn lu tábìlì. Ọkùnrin náà ń làágùn nínú òtútù yẹn, ìwé já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ láti ṣà á, wọn ò tilẹ̀ dúró.

Mo wọ̀tún, mo wòsì. Olórí ewú pọ̀ níbẹ̀, wọ́n kàn ń wò ni. Ọmọ mi, ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ìbáwí bá ti kọjá ìbáwí, àgbà kan ní láti dìde. Ọwọ́ òsì ti nà án tó, ọwọ́ ọ̀tún tó máa fà á mọ́ra dà? Mi ò mọ bí mo ṣe dé iwájú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti káàdì lọ́rùn, mo ní, alága wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò ó. Mo ní ó ti gbọ́. Mo ní ọmọdé ló ń ṣe é. Mo ní bó bá tún dán an wò, èmi ni kí ẹ mú.

Ọ̀gá Ọ̀nà kígbe pé, yéè, Bàbá! Alága fò dìde, ó ní èèwọ̀, ẹ má fi èyí ṣe wá, ọmọ yín ni gbogbo wa. Ẹni tó lu tábìlì bojú. Gáàdì fẹ́ wá wọ́ mi jáde, alága ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí. Ó wá béèrè ibi tí mo ti wá àti ohun tí mo bá wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ afárá ti jáde, kedere, ó dùn bí oyin, ó ta bí ata. Nígbà tó parí, wọ́n ní kí Ọ̀gá Ọ̀nà yọ ọkọ̀ tuntun kúrò nínú ètò rẹ̀, kó fi afárá wa rọ́pò rẹ̀. Kò tíì tán o. Nọ́ọ̀sì ní gbogbo ilé ṣì máa dìbò lé e lórí. Ṣùgbọ́n afárá wa ti wọ inú ètò, ìyẹn náà tó ọpẹ́ dá.

Ọ̀gá Ọ̀nà ti wá wo odò náà. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú rẹ̀ dé orúnkún. Ó bi mí pé, Bàbá, èmi tí mo fi afárá yín sílẹ̀, kí ló dé tí ẹ bá mi bẹ̀bẹ̀? Mo ní mo lọ́mọ kan ní ìlú ńlá tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń jágbe mọ́ ọn, mi ò sì sí níbẹ̀. Ó dìrọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ títí a fi dókè.

Èmi náà ti to ètò ìnáwó tèmi, ìwọ ni aṣòfin, jọ̀ọ́ má lu tábìlì. Ẹ̀ka Òrùlé: páànù tó ń jò lórí ibùsùn ìyá rẹ. Ẹ̀ka Ojú: gíláàsì, bí ti alága. Ẹ̀ka Orúnkún: ìpara, ike ńlá, má béèrè ìdí rẹ̀. Ẹ̀ka Ìgbádùn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ ti fagi lé e. Èyí tí agbára rẹ bá ká ni kí o fi ránṣẹ́. Káàdì yẹn ṣì wà lọ́rùn mi, mo gbàgbé láti dá a padà, mo sì máa tún gbàgbé.

O ò ní rí ìjà tí kò ní onílàjà. Níbi tí wọ́n bá ti ń fìyà ọ̀rọ̀ jẹ ọ́, ẹnì kan á dìde fún ọ. Oúnjẹ rẹ ò ní korò, oorun rẹ á dùn.

Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí kí awakọ̀ tó lọ, ni ìyá rẹ bá ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á. Ó ní lẹ́tà náà ò ní jáde àfi kí n kọ èyí tó kù.

Nígbà tí alága béèrè ohun tí mo bá wá, mi ò rántí nǹkan kan. Gbogbo ohun tí mo kọ́ sórí ti fò lọ, orúnkún mi sì ti há, mi ò lè dìde. Ìyá rẹ ló dìde láti ẹ̀yìn. Ó sọ ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ẹyọ kan, débi pé níbi tí mo ti máa ń wúkọ́, ó wúkọ́ níbẹ̀. Òun ló gba afárá náà. Ilẹ̀ ni mo wà.

Bàbá rẹ