Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé Tàbí Ẹ̀gbẹ́ Ilẹ̀kùn

Àìkú, 1 Èrèlé

Ìwé àjákọ tuntun. Dọ́là kan àti sẹ́ǹtì mọ́kàndínlógún. Èyí tó ní òdòdó lára jẹ́ dọ́là mẹ́rin — òdòdó kì í bá ènìyàn kọ̀wé.

Àlejò ti ń pariwo láti àárọ̀. Àlejò ni mo ń pe tẹlifíṣọ̀n wa. Ó wọlé lọ́dún tí Royce ọkọ mi fẹ̀yìn tì, pé kó máa fi wákàtí kan dá a lára yá lójúmọ́. Kò tíì lọ. Lónìí ó ní Amẹ́ríkà máa tó parẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló wí ní Àìkú tó kọjá. Mo lọ yẹ igi ìdáná wò ní ẹ̀yìnkùlé. Igi ló máa kọ́kọ́ tán.

Ìṣẹ́gun, 3 Èrèlé

Ìwé ìpè sí ìpàdé ìlú dé, níbi tí gbogbo wa ti ń dìbò lórí owó ìlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù. Iyọ̀ tí a ń dà sórí yìnyín ojú ọ̀nà, ọkọ̀ panápaná, bí a ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ ìkẹsàn-án nínú ìwé náà ló dá mi dúró: ṣé kí Eddy Hollow, ìlú wa, ti ilé ìwé rẹ̀ pa, kí a máa sanwó fún Brandtville, ìlú tó wà lẹ́yìn òkè, láti bá wa kọ́ àwọn ọmọ?

Ọmọ mẹ́tàlélógún. Olùkọ́ mẹ́ta. Òrùlé tó ń jò.

Ọjọ́rú, 4 Èrèlé

Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ kan ń ná wa ní 31,000 dọ́là lọ́dún. Brandtville á gba 19,000. Tí a bá tì í, owó orí ilẹ̀ tí èmi àti Royce ń san láti fi gbé ilé ìwé ró á dín ní dọ́là 412 lọ́dún. Iye yẹn á ra igi ìdáná àti epo ọkọ̀, á sì ṣẹ́kù. Bọ́ọ̀sì tó máa gbé àwọn ọmọ lọ nìkan ni n kò mọ bí màá ṣe kọ ọ́ sínú ìṣirò — ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta lórí òkè, nínú yìnyín, ní àlọ nìkan.

Olóòtú ìwé ìròyìn ìlú fẹ́ kí n kọ èrò mi lórí rẹ̀ sí igun tí mo máa ń kọ. Ìwé ìròyìn wa kò ju ojú ewé mẹ́rin lọ, Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ń jáde. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń kọ igun yẹn. Kò sówó níbẹ̀. N kì í pariwo níbẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni mo ti ń dìbò fún láti ọmọ ọdún méjìdínlógún, ohun tí wọ́n sì kọ́ mi kò pọ̀: má ná ohun tí o kò ní, má yára wó ohun tí ọwọ́ púpọ̀ kọ́, ìjọba tó sún mọ́ ọ sàn ju èyí tó jìnnà lọ.

Láyé ìsinsìnyí n kò mọ èyí tó kù nínú wọn. Tí ẹgbẹ́ kejì bá náwó, Àlejò á sunkún gbèsè. Tí tiwa bá ná ìlọ́po rẹ̀, á pàtẹ́wọ́. Gbèsè kò sì mọ ojú ẹni tó jẹ ẹ́.

Àìkú, 8 Èrèlé

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Òkè dúró tì mí nídìí kọfí. Orrin Cobleigh lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò ní aya mọ́, kò ní ọmọ, igbó igi máápù, igi tí a ń gba omi dídùn lára rẹ̀, ló ní lókè odò. Ó ní owó orí ti ń jẹ òun bọ̀ láti ẹsẹ̀. "Ó kù díẹ̀ kó dé ìbàdí, Bernice. Tó bá dé ibẹ̀, mo máa ta igbó."

Mo dé ilé, mo ṣírò tirẹ̀. Tí ilé ìwé bá pa dé, á jèrè bíi 1,900 dọ́là lọ́dún.

Ó tán. Mo mọ ohun tí màá kọ.

Ọjọ́bọ̀, 12 Èrèlé

Igun mi jáde. Mo kọ ọ́ pé ìfẹ́ tí a kò lè san owó rẹ̀, arúgbó kan ló máa bá wa san án. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ pé kò yẹ kí ẹni tó fẹ́ tì í àti ẹni tó fẹ́ kó wà máa wo ara wọn bí ọ̀tá. Ìṣirò ni, kì í ṣe ogun.

Ènìyàn mẹ́rin ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹnì kan ní, "O ti jẹ́ kí ojú ti àwọn wèrè yẹn." N kò rò pé ohun tí mo kọ nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 14 Èrèlé

Ọjọ́ olólùfẹ́. Royce ra ṣokoléètì fún mi, dọ́là mẹ́sàn-án. Ní Ajé iye rẹ̀ yóò di ìdajì. Mo jẹ ẹ́.

Àbámẹ́ta, 21 Èrèlé

Ibi ìdalẹ̀sí. Gbogbo ìlú ló ń pàdé níbẹ̀ ní Àbámẹ́ta. Ẹlẹ́wúrẹ́ wà níbẹ̀, ó ń da ìgò sínú àpótí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbé ọmọ sùn. Miriam Kessler. Boston ló ti wá, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ewúrẹ́ ló ń sìn, pátákó òṣèlú tó wà níwájú ilé rẹ̀ pọ̀ ju fèrèsé ilé náà lọ. Ó ti ka igun mi.

Ó ní, "Ìyáàfin Tatro, ṣé ẹ máa bínú tí mo bá bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan?"

Mo ní tí mo bá máa bínú, màá ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Ó ní ọdún mẹ́fà lòun fi ń ka ìwé mi, inú sì ń bí òun lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ ọ́ pé ìjọba ìtòsí sàn ju ti òkèèrè lọ. "Ilé ìwé yìí, àwa la ni ín. Tó bá di ti Brandtville, ta ló máa jókòó sí ìgbìmọ̀ wọn fún wa? Kò sẹ́nì kankan. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní ewúrẹ́ rẹ̀ kan ti ń jẹ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, ó ń jẹ ẹ́. Ó sáré lọ.

Mo wakọ̀ délé láì mọ ìgbà tí mo kọjá afárá.

Ìṣẹ́gun, 24 Èrèlé

Mo sọ fún Royce pé n kò dá ara mi lójú mọ́. Kò yí ojú kúrò lára Àlejò. "Ẹlẹ́wúrẹ́ fẹ́ kó wà, àbí? Ó tán nìyẹn. Ohun tí irú wọn bá fẹ́, sá fún un."

Mo ní ṣé tí Ẹlẹ́wúrẹ́ bá ní kí a má fi ọwọ́ kan iná, ṣé a máa fi kàn án? Ó ní ó dọ́wọ́ irú iná tó bá jẹ́. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó títí di ìsinsìnyí. Àlejò kò mọ̀ pé Eddy Hollow wà láyé. Báwo ló ṣe wá bá wa yan ẹ̀gbẹ́?

Ajé, 2 Ẹrẹ́nà

Mo yan páì èso ápù méjì fún oúnjẹ ọ̀sán ìpàdé ọ̀la. Dọ́là 6.80 fún méjèèjì; ápù inú ilé ni. Mo ti kọ̀wé, gbogbo ìlú ti kà á. Ọ̀rọ̀ ti jábọ́, kò ṣé kó mọ́. Lọ́la mo máa dúró lé ohun tí mo kọ. Nítorí Bàbá Òkè.

Ìṣẹ́gun, 3 Ẹrẹ́nà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Hollis ni alága ìpàdé, bó ti ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tó kan ìkẹsàn-án, ó ní kí a fi ohùn dìbò. "Bẹ́ẹ̀ ni" dún, "Bẹ́ẹ̀ kọ́" dún, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ga jù. Ló bá ní ká dìde. Ẹni tó fẹ́ kí a tì í, kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ kó wà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo yíjú kí n wá àyè fún Bàbá Òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà. Ó gbé fìlà dání, ó dúró ti Ẹlẹ́wúrẹ́.

71 sí 64. A borí. A pa ilé ìwé.

Oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, dọ́là mẹ́jọ. Mo fi àwo sílẹ̀. Mo gbá Bàbá Òkè mú nídìí páì. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ lọ ṣe lọ́hùn-ún? Nítorí yín ni mo ṣe lọ sí ilẹ̀kùn!"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́. "Ta ló rán ọ?"

Mo ní òun ló ní òun máa ta igbó.

Ó ní, "Mo sọ fún ọ pé bàtà ń ta mí lẹ́sẹ̀. N ò ní kó o gé ẹsẹ̀ náà." Ó bu páì tèmi. Ó ní ó dùn.

Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Ẹlẹ́wúrẹ́ dé, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó mọ òfin ìpàdé ju bí mo ṣe rò lọ: kí ìpàdé tó túká, a lè tún ọ̀rọ̀ kan gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó borí nìkan ló lè bèèrè fún un. "Mo ti rí ojú yín, Ìyáàfin Tatro. Ẹ ti yí ọkàn padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ wo gbọ̀ngàn — àwọn èèyàn yín ti lọ fún wàrà màlúù wọn."

Mo wò yíká. Òótọ́ ni. Àwọn àgbẹ̀ ti lọ, àwọn arúgbó tó ń bẹ̀rù yìnyín ìrọ̀lẹ́ ti lọ. Bíi ọgbọ̀n nínú àwa ará ilẹ̀kùn kò sí mọ́. Tí mo bá dìde, ilé ìwé á yè. Mo sì fẹ́ kó yè. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ta ayò nígbà tí ẹnìkejì lọ tọ̀ ló rí lójú mi.

Mo dìde. Mo ní mo wà ní ẹ̀gbẹ́ tó borí, mo sì fẹ́ kí a tún un gbé yẹ̀ wò. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pàtẹ́wọ́. Mo ní kì í ṣe lónìí. Kí a dá ìpàdé dúró di Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, agogo méje, kí a pe gbogbo àwọn tó ti lọ sílé. Ìpàtẹ́wọ́ dá. Bàbá Òkè ló kín mi lẹ́yìn. Hollis bi ilé léèrè. Wọ́n gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú lápá méjèèjì.

Ẹnì kan nídìí ilẹ̀kùn kígbe pé, "Bernice, eélòó ni wọ́n fún ọ?"

Ẹlẹ́wúrẹ́ kò kígbe. Ó kàn ní, "Ẹ ti pa wá." Ó kó àwo rẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Ẹrẹ́nà

Fóònù dún lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mo gbé mẹ́ta. Ẹnì kan pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, ẹnì kejì ní ojo, ẹnì kẹta ṣi nọ́ńbà pè.

Ọjọ́bọ̀, 5 Ẹrẹ́nà

Igun mi ṣófo nínú ìwé ìròyìn. Olóòtú fi ìpolówó epo ìdáná dí i. N kò fi nǹkan ránṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 7 Ẹrẹ́nà

Ibi ìdalẹ̀sí. Àwọn ará ilẹ̀kùn kò kí mi. Àwọn ará fèrèsé kí ọkọ̀ mi, wọn kò wo ojú mi.

Ṣé ohun tí mo ṣe dára? Bí mo bá dákẹ́, ilé ìwé kú. Bí mo bá dìde pátápátá, ilé ìwé yè, ẹ̀tàn ló sì máa jẹ́. Mo gba àárín. Ẹni tó dúró láàárín ọ̀nà, ọkọ̀ àlọ á kọlù ú, ọkọ̀ àbọ̀ á kọlù ú.

Àìkú, 8 Ẹrẹ́nà

Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun lára igi máápù. Bàbá Òkè fi omi dídùn rẹ̀ tó ti sè ránṣẹ́ nínú ìgò kékeré kan. Kò kọ nǹkan kan sí i.

Royce bi mí léèrè nídìí oúnjẹ, kò ṣe yẹ̀yẹ́: "Bernice, ẹ̀gbẹ́ wo la wà gan-an?" Mo ní mo rò pé òun ló mọ̀. Ó ní òun rò pé èmi ni.

Ìṣẹ́gun, 10 Ẹrẹ́nà

Gbọ̀ngàn kún débi tí wọ́n fi gbé àga láti ilé ìjọsìn. Royce bá mi lọ. Ọdún kẹrin rèé tí kò ti dé ìpàdé ìlú. Kò sọ fún mi ẹ̀gbẹ́ tó máa dúró sí, n kò sì bi í.

Hollis ní ká rìn. Mo rìn lọ sí fèrèsé. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára mi, ó wúwo ju àpò ọkà lọ. Mo rí Royce lọ sí ilẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ sí mi díẹ̀, bí ẹni tó wà lódìkejì odò.

93 sí 78. Wọ́n tì í. Ó tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú ń bí àwọn mìíràn pé a ní kí wọ́n padà wá.

Ẹlẹ́wúrẹ́ dúró dè mí níbi tí a fi ẹ̀wù òtútù kọ́. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, à bá ti borí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ṣe é."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá mi mú apá ẹ̀wù mi tí kò wọlé. Ó lọ.

Níta, Bàbá Òkè di ìgúnpá mi mú lórí yìnyín, n kò mọ ẹni tó ń gbé ẹnìkejì dúró nínú àwa méjèèjì. Ó ní, "Bernice, 1,900 dọ́là máa kù sí mi lápò lọ́dọọdún. Ìwọ lo mọ ìṣirò. Kí ni kí n fi rà?"

Mo rò ó títí a fi dé ọkọ̀ rẹ̀, n kò mọ̀.

A délé. Royce jókòó, ó tan Àlejò. Àwọn méjì ń pariwo lórí ara wọn. Ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ó pa á. Ilé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ omi tó ń kán láti etí òrùlé.

Ó ní, "Kí lo máa kọ ní Ọjọ́bọ̀?"

Mo ní n kò mọ ohun tó tọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin rẹ̀.

Ó ní, "Kọ ìyẹn."