Mo Di Orogún Ìwé

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má wá orúkọ mi. Aládùúgbò mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí n kò mọ̀wé.

Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti fẹ̀yìn tì, obìnrin kan tó ń tàwé ló ń bá a yan ìwé tí yóò kà. Ọkọ mi á jókòó tì mí, á máa kàwé, á máa dá rẹ́rìn-ín. Tí mo bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, á ní, "Kò lè yé ọ."

Ṣé kí n wá máa bá ìwé ṣe orogún lọ́jọ́ ogbó mi?

Owú gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta èyí tí kò dùn fún ọkọ mi!"

Ó ní, "Màmá, mo ṣáà ní kí Bàbá máa kà á sókè fún yín."

Ọkùnrin yẹn ò sọ fún mi! Owú yẹn ṣì wà lọ́kàn mi, n ò sì ní bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ yín báyìí. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi sọ fún un kó kà á sókè. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́.