Àgbàdo Mi Gba Ipò Kìn-ín-ní, Bàtà Òsì Mi sì Sọnù

Marcella ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Omaha níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ò ń kọ́ ń jẹ́ kí o rójú sùn? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí yìnyín wó òrùlé lé wa lórí ní ìgbà òtútù yìí yóò dúró tì ọ́. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa jẹun. Josie ọmọ rẹ náà kí ọ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rò. Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jókòó, ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ lẹ́tà yìí lórí firísà, nítorí bàtà òsì mi kò sí nílé.

O mọ̀ pé èmi Emil Kucera, ìwé kẹfà ni mo kà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, katakata àyálò ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, àká onírin mẹ́ta ló ń dán lẹ́yìn ilé mi, ẹni tó bá ń kọjá lọ ní títì yóò rí wọn kó tó rí ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, nígbà tí Miss Pruitt, tíṣà sáyẹ́ǹsì Josie, pe àwa ará ilé kí a wá wo ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe, iwájú pátápátá ni mo jókòó sí. Tíṣà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ó ní ó ń ka afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì ni wọ́n ń pè é. Ó tì í bọ ẹnu ìgò, ó ní kí ẹnì kan wá fẹ́ èémí sí i. Ta ni ìbá dìde bí kò ṣe èmi? Mo fẹ́ ẹ, òǹkà sì ń sáré gòkè bí ọ̀kẹ́rẹ́. Dwight Hruska aládùúgbò wa fẹ́ tirẹ̀, kò dé ìdajì tèmi. Mo ní kó lọ jẹun sí i. Ó ní pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú mi kì í ṣe ìròyìn tuntun, gbogbo ìlú ló ti mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bu àgbàdo ife kan wá láti inú àká ilé wọn. Wọ́n dà á sínú ìgò, wọ́n ki ẹ̀rọ náà sí i, wọ́n dé e pa di ọjọ́ kejì. Marcella, àgbàdo Hruska kò mọ̀ ọ́n mí! Ó kàn ń mí díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tó ń tòògbé. Ṣùgbọ́n tèmi, èyí tí mo kó wọlé nínú òjò oṣù kẹwàá tí mi ò sì fi owó iná ṣòfò láti gbẹ ẹ, ó fi gbogbo wọn sẹ́yìn. Níbi ìpàtẹ oko wa lọ́dọọdún, elégédé tó bá tóbi jù àti ẹlẹ́dẹ̀ tó bá sanra jù ló ń gba ríbọ́nì búlúù. Mo béèrè ríbọ́nì mi lọ́wọ́ tíṣà, ó ní òun kò ní. Mo yọ ti elégédé mi àtijọ́, mo so ó mọ́ ara àká. Dwight rí i, ó ní Emil, ṣé ẹnu ọ̀nà aláìsàn ni wọ́n ń so ríbọ́nì mọ́ báyìí? Ìlara lásán.

Tíṣà kò jẹ́ kí n gbádùn ìṣẹ́gun mi. Ó wá sílé, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan búrẹ́dì dídùn kólàṣì gbígbóná tí ìyá rẹ gbé síwájú rẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àgbàdo tó gbẹ kì í mí tó báyìí, ó ń bu nìyẹn, ìbàjẹ́ inú rẹ̀ ló ń mí. Ó ní afẹ́fẹ́ yẹn máa ń kún inú àká, kì í rùn, kì í pariwo, ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ lè má jáde mọ́. Mo bi í pé níbo ló wà nígbà tí mo ti ń wọ àká. Ó ní wọn ò tíì bí òun. Mo ní ẹn-ẹ́n.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún un. Àgbàdo kò dà jáde nísàlẹ̀ àká mọ́, òkè rẹ̀ ti dì bí èépá egbò, ó sì ń ta sánsán bí ọtí. Agbára ni mo ka ìyẹn sí. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá kó o ní ọjọ́ Ajé, nítorí náà mo ní n ó wọ inú rẹ̀ láàárọ̀ yìí, n ó fi ọ̀pá irin fọ́ èépá náà fúnra mi.

Josie ti yá ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ tíṣà. Ó so ó mọ́ ọ̀pá ìpẹja mi, ó nà án wọ ihò orí àká. Òǹkà ń jáde lójú fóònù rẹ̀, ta ló fún àgbàdo ní nọ́ńbà rẹ̀, mi ò mọ̀. Ó gòkè, ó gòkè, lójijì ó dẹ́kun kíkà, ilà lásán ló kù. Mo ju fìlà sókè, mo ní ó ti borí òǹkà! Nígbà tí n ó wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọmọ rẹ ń sunkún. Ọmọ tí kò sunkún lọ́jọ́ tí o fi í sílẹ̀ fún wa. Ó fa ẹ̀rọ náà jáde, ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó ní Bàbá àgbà, ẹ mí sí i. Mo mí sí i. Ó ní èyí ni mímí tí òun fẹ́ máa kà, kì í ṣe ti àká.

Mo wọlé lọ mu omi. Kí n tó jáde, ọkọ̀ ilé ìwé ti lọ, bàtà òsì mi náà ti lọ. Mo wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá a nílé ajá, mo wá a nínú firísà yìí. Ìyá rẹ kàn ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ náà gbà lọ lójú fèrèsé. Ìgbà tó yá ni tíṣà pè mí pé bàtà mi wà lórí tábìlì òun ní kíláàsì, àwọn ọmọ sì ti yan ẹ̀ṣọ́ tì í.

Marcella, mo lè wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Àìmọye ìgbà ni mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí lọ dé ẹsẹ̀ àkàbà tí a fi ń gun àká, mo tún padà. Mo ṣì mọ̀ pé èmi ni mo gba ipò kìn-ín-ní. Àmọ́ ẹkún ọmọ yẹn jókòó sórí àkàbà, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gun un kọjá. Mo wá pe Dwight pé kó bá mi wá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fa àgbàdo jáde láti ìta. Ó ní òun ti pè wọ́n láti àná, òun kàn ń dúró de ẹnu mi ni.

Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ owó, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún iná tí fáànù tó ń gbẹ àgbàdo nínú àká yóò máa jẹ. Kí o tún bá mi ra bàtà oko kan, òsì nìkan, sọ fún olùtajà pé ìdajì owó ni n ó san. Ọlọ́run tó ń ka èémí wa láìlo ẹ̀rọ kò níí ṣi tìrẹ kà.

Èmi ni bàbá rẹ, Emil Kucera, tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìwé kẹfà, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti padà wọ kíláàsì.