Alábàágbé Mi Tó Wà Lára Ògiri

Màámi,

Ẹ kú àárò ọmọ. Ilé tí mo rí gbé dára: àjà rẹ̀ ga, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ jẹ́ aláràbarà, dùùrù ńlá sì wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí mò ń gbá náà ni. Kò jìnnà síbi iṣẹ́. Alábàágbé mi ni olóògbé àgbà ìjọ kan, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára idẹ tó wà lára ògiri. Èmi ni mò ń nù ún kó lè máa dán.

Láàárọ̀ àná, àlùfáà bá mi ní ìdùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀, tìmùtìmù ìkúnlẹ̀ wà lábẹ́ orí mi. Mo ní, "Àgbà ni mò ń dọ̀bálẹ̀ kí, sà."

"Tìmùtìmù ńkọ́?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Omijé bọ́ lójú àlùfáà. Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ ló máa dọ̀bálẹ̀, tàwọn ti tìmùtìmù.

Ẹ má dààmú nípa mi. Alábàágbé mi kí yín. Ó mọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ kì í ṣòfófó.